Ìṣubú Olùkọ́ Lórí Òjò Dídì

Bí a kò bá ṣubú, a kì í mọ ẹrù dì. Kò sí ọdún kan tí n kò kọ òwe yìí sára pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n ń múra ìdánwò. Mo máa ń ní kí wọ́n sọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sọ ibi tí a ti ń lò ó, kí wọ́n sì sọ irú ẹni tí ó yẹ kí ó pa á. Ẹni tí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ń fún ní máàkì márùn-ún. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà bóyá èmi fúnra mi mọ òwe náà, inú ìbá bí mi. Àṣé n kò mọ̀ ọ́n. Ó di ọdún kẹjọ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí n tó mọ̀ ọ́n, ibi tí mo sì ti mọ̀ ọ́n kò sí nítòsí Ọ̀wọ̀ tàbí Ìfọ́n. Ẹ̀yìn ni mo fi lélẹ̀ nínú òjò dídì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà lókè, a so pákó gígùn mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọmọbìnrin tí mo ń kọ́ ní Yorùbá sì dúró tì mí, ó ń wí pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ kí á tún un ṣe."

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni baba mi. Ìfọ́n, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, ni ti ìyá mi. Ọ̀dọ̀ baba tí ó bí ìyá mi ni mo gbé dàgbà. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ kọjá Ìfọ́n lọ sí ilẹ̀ Ẹdó rí yóò mọ irú ilẹ̀ tí mo ń wí: igbó ni lọ́tùn-ún, igbó ni lósì, oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ ń yọjú láàrin wọn, ọ̀pẹ sì dúró káàkiri bí ọlọ́dẹ. Baba àgbà mi a máa gun ọ̀pẹ. Àwa ọmọ kò mọ òtútù kan ju ti ọyẹ́ lọ. Yìnyín nìkan ni omi dídì tí ó ń ti ojú ọ̀run wá bá wa, ìyẹn náà kì í sì í wá lemọ́lemọ́, àfi nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá fi ìbínú dé. A ó sáré jáde pẹ̀lú abọ́, a ó ṣà á, a ó jù ú sẹ́nu kí ó tó yọ́. Ní ti òjò dídì, inú Bíbélì ni a ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè máa rìn lórí rẹ̀, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ wí pé kí ó máa sá eré ìje níbẹ̀.

Kí n tó dé orí òjò dídì, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Èdè tí a ń sọ ní agbègbè wa kì í ṣe ẹyọ kan. Àwa ọmọ Ọ̀wọ̀ kì í pe ìlú wa ní Ọ̀wọ̀ nígbà tí a bá wà láàrin ara wa. Ọ̀ghọ̀ ni à ń pè é, pẹ̀lú ìró kan tí ó ń ti ọ̀nà ọ̀fun wá, tí kò sí nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Ní Ìdó-Àní, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ kan náà, àwọn ẹbí kan wà tí èdè àwọn baba ńlá wọn kì í tilẹ̀ ṣe Yorùbá rárá. Iyayu ni orúkọ èdè náà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kà á mọ́ ẹbí èdè Ẹdó, àwọn tí ó sì kù tí ń sọ ọ́ kò pọ̀ mọ́.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìró ọ̀nà ọ̀fun yìí sọ mí di ẹlẹ́yà. Bí mo bá ti dìde láti ka ewì sókè, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, olùkọ́ wa a sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì gbáko ni mo fi tún ahọ́n mi ṣe. Ó yẹ kí ìrora yẹn sọ mí di aláàánú. Òdìkejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ó wá láti Ìdó-Àní. Ìyá àgbà rẹ̀ tí ń sọ Iyayu ni ó tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ náà gbọ́n, ṣùgbọ́n ohùn Yorùbá a máa dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Ní ọjọ́ kan, mo ní kí ó ka àyọkà kan sókè. Ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Mo ní kí ó tún un pè, ó sì tún ṣì í pè. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo mú kí ó pè é, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo sì sín in jẹ, tí gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín kèèkè. Ọmọ náà jókòó, kò sì la ẹnu rẹ̀ mọ́ ní àkókò Yorùbá láti ọjọ́ náà. Nígbà tí ó tó àkókò láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC, ó yọ Yorùbá kúrò nínú iṣẹ́ tí yóò ṣe. Mo wí lọ́kàn mi pé ọ̀lẹ ni. Lẹ́yìn náà mo gbàgbé rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, mo rí ààyè nínú ètò Fulbright tí ó ń gbé àwọn olùkọ́ èdè láti oríṣiríṣi ilẹ̀ lọ sí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ìlú Madison ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ni wọ́n rán mi lọ, láti máa ran àwọn tí ń kọ́ Yorùbá níbẹ̀ lọ́wọ́. Adágún omi ńlá méjì ni ó há àárín ìlú náà mọ́ra, Mendota ní apá kan, Monona ní apá kejì. Nígbà tí mo dé, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń gùn lórí Mendota. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kìíní ọdún 2018, adágún náà ti dì gbagidi. Àwọn ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ihò sínú yìnyín rẹ̀, wọ́n sì jókòó sórí àpótí, wọ́n ń ju ìwọ̀ sínú ihò náà láti fi pẹja. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ìfọ́n. Èsì tí ó fún mi ni pé ẹja wà lọ́jà, kí n má ṣe bá wọn débẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ náà, tí ó ti mọ eré orí òjò dídì láti kékeré. Ó ní ìtara fún Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ ń dà á láàmú. Ní ọjọ́ kan tí mo ń kọ́ wọn nípa iṣẹ́ àwọn baba wa, mo ní kí ó fi "igbà" ṣe gbólóhùn, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ó ronú díẹ̀, ó sì wí tìgboyàtìgboyà pé, "Baba fi igbá gun ọ̀pẹ." Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ya àwòrán ọkùnrin kan sára pátákó, tí ó de igbá mọ́rí bí akẹtẹ̀, tí ó ń fò mọ́ ọ̀pẹ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé etí rẹ̀ pọ́n.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ó wá bá mi. Ó ní, "Olùkọ́, ó dàbí ẹni pé ó ti pẹ́ tí ẹ kọ́ ohun tuntun gbẹ̀yìn." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú àfojúdi, bí ẹni ń bèèrè ọ̀rọ̀ ni ó sọ ọ́. N kò rí èsì kankan fún un. Ó wá sọ fún mi pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ń gbaradì fún ìdíje kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, àti pé bí ó bá wù mí, kí n bá àwọn kópa nínú rẹ̀.

Eré ìje alápá mẹ́ta ni ìdíje náà. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni ti ìgbà ooru, nínú èyí tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ sáré. Ti ìgbà òtútù yàtọ̀, nítorí orí òjò dídì ni gbogbo rẹ̀ ti ń wáyé. Wọn a kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ sáré, wọn a gun kẹ̀kẹ́, wọn a sì fi síkì parí rẹ̀, láìsí ìsinmi láàrin. Síkì ni pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí à ń so mọ́ bàtà. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ a mú ọ̀pá kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí yóò máa fi ti ara rẹ̀ síwájú. Láti ọdún 1997 ni ìdíje àgbáyé ti wà fún irú eré ìje yìí, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n pè mí sí kò ju ti àwọn ojúlùmọ̀ mẹ́tàdínlógún lọ. Mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà bí olùkọ́ ti ń ṣírò máàkì. Mo ti sáré nílé ìwé, mo sì ti gun kẹ̀kẹ́ baba àgbà mi láti Ìfọ́n lọ sí oko láìmọye ìgbà. Nínú ìbéèrè mẹ́ta, mo mọ méjì. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tí ó bá mọ méjì nínú mẹ́ta ti yege? Mo gbà.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jáde ni mo mọ̀ pé n kò mọ ọ̀kankan. Aṣọ ni ó kọ́kọ́ tú mi fó. Mo wọ aṣọ òwú mẹ́rin lé ara wọn. Olùkọ́ mi (orúkọ tí n ó máa pè é nìyẹn láti ìsinsìnyí lọ nígbàkúùgbà tí a bá wà lórí òjò dídì) wò mí, ó sì mi orí. Ó ní òtútù nìkan kọ́ ni ọ̀tá, òógùn ni ó ń bá a dìtẹ̀. Òwú a máa mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Bí ènìyàn bá dúró díẹ̀, gbogbo omi náà yóò di òtútù mọ́ ọn lára. Aṣọ mẹ́ta péré ni ó yẹ kí á wọ̀: èyí tí ó fara mọ́ra tí yóò jẹ́ kí òógùn jáde, èyí tí yóò tọ́jú ìgbóná ara, àti èyí tí yóò dínà fún afẹ́fẹ́. Ṣòkòtò tí ó fún mi wọ̀ lẹ̀ mọ́ itan mi tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi tì mí. Ṣùgbọ́n mo rántí Igógó. Bí Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ bá lè dirun, tí ó sì lè múra bí obìnrin láti fi bu ọlá fún Ọ̀rọ́nṣẹn, kí ni mo fẹ́ máa tijú ṣòkòtò sí? Mo wọ̀ ọ́, a sì jáde.

Eré ẹsẹ̀ ni a fi bẹ̀rẹ̀. Nílé ìwé, ẹsẹ̀ gígùn ni mo mọ̀, mo máa ń nà án jìnnà síwájú. Lórí òjò dídì, ẹsẹ̀ tí ó bá jìnnà sí ara ni ó ń yọ̀. Kúkúrú kúkúrú ni ó yẹ kí á máa gbé e, kí ó máa balẹ̀ lábẹ́ ìdí ẹni gan-an. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà bẹ́ẹ̀. Ní ti kẹ̀kẹ́, agídí ni mo ṣe. Baba àgbà mi a máa fa afẹ́fẹ́ sínú táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí yóò fi le bí òkúta, nítorí náà nígbà tí olùkọ́ mi ní kí n tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde, mo rò pé kò mọ ohun tí ó ń sọ. Nígbà tí ó yíjú, mo tún fa afẹ́fẹ́ sí i. Kọ́nà àkọ́kọ́ ni kẹ̀kẹ́ gbà lọ́tùn-ún tí èmi gba òsì. Táyà tí ó le kì í fara mọ́ ilẹ̀. Èyí tí ó bá rọ̀ díẹ̀ a máa tẹ́ pẹrẹsẹ, a sì máa di òjò dídì mú. Ó wá yé mi pé àwọn méjì tí mo fi yangàn gan-an ni ó pa mí lára jù, nítorí mo gbé ìmọ̀ àtijọ́ wá síbi tí kò ti wúlò, n kò sì bèèrè.

Síkì ni n kò gbé ìmọ̀ kankan wá sí, síbẹ̀ òun ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ìda ni wọ́n ń fi pa ìsàlẹ̀ pákó náà. Ọ̀kan wà fún iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó ń mú kí ó máa yọ̀. Òmíràn wà fún agbede-méjì rẹ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀, tí ó ń di òjò dídì mú nígbà tí a bá fẹ́ ti ara wa síwájú. Bí òtútù bá ṣe rí lọ́jọ́ náà ni ìda tí à ń lò ṣe ń yàtọ̀. Pákó náà sì tẹ̀ sókè láàrin bí ọrun ọdẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí ìda ìdìmú kì í kan ilẹ̀ àfi bí ènìyàn bá gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbẹ́kẹ̀ lé ẹsẹ̀ kan. Yóò pín ara rẹ̀ sí méjèèjì. Ìda kò ní kan ilẹ̀, pákó yóò yọ̀ sẹ́yìn, onítọ̀hún yóò sì dojú bolẹ̀. Ìbẹ̀rù ìṣubú ni ó ń fa ìṣubú. Ní ọjọ́ kìíní, mo ka tèmi dé mọ́kànlélógún, mo sì dẹ́kun kíkà.

Bí mo ti dùbúlẹ̀ ni ohùn baba àgbà mi sọ sí mi létí. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó fi igbà sí mi nídìí, ó ní kí n gun ọ̀pẹ kúkúrú kan lẹ́yìn ilé. Mo gun díẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo sì dì mọ́ ọ̀pẹ bí ọmọ ọ̀bọ ti ń dì mọ́ ìyá rẹ̀. Baba ní, "Má dì mọ́ ọ̀pẹ. Fi ẹ̀yìn ti igbà. Igbà kò lè gbé ọ bí o kò bá fi ara rẹ fún un." N kò lè ṣe é. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n wà nísàlẹ̀ fi mí ṣe ẹlẹ́yà, mo yọ̀ wá sílẹ̀, mo fi àyà họ. Baba lé wọn lọ, ó sì pè mí padà, ṣùgbọ́n n kò gun ọ̀pẹ mọ́ títí ó fi kú. Ẹ̀rín ni ó gba iṣẹ́ baba ńlá mi lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ọ̀pẹ.

Mo sọ ìtàn náà fún olùkọ́ mi bí mo ti jókòó sínú òjò dídì. Ó tẹ́tí gbọ́ mi. Mo fi okùn tí ó wà nínú àpò rẹ̀ ṣe igbà, mo gbé e yí igi kan ká, mo fi ẹ̀yìn tì í, mo sì fi hàn án bí àwọn baba wa ti ń ṣe é. Ó ní kí òun náà wọ inú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn tì í, okùn náà gbé e dúró, ó sì wí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Igbà. Kì í ṣe igbá." Kò ṣì í pè mọ́ láti ọjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, ó tọ́ka sí síkì mi, ó ní, "Ó yá, sà. Ẹ fi ara yín fún un."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọmọ náà ti kọ́ mi, nítorí mo ṣọ́ ọ dáadáa. Ní gbogbo ìgbà tí mo ṣubú, kò rẹ́rìn-ín. Kí í ṣe pé ìṣubú mi kò pani lẹ́rìn-ín; mo mọ̀ pé ó pani lẹ́rìn-ín. Yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe dáadáa kí n tó ṣubú. Lẹ́yìn náà yóò sọ ohun kan ṣoṣo tí n ó yí padà: ó lè jẹ́ orúnkún, ó lè jẹ́ ibi tí ojú mi ń wò. Bí àṣìṣe mi bá tilẹ̀ jẹ́ méje, ọ̀kan ni yóò mú. Lẹ́yìn náà, ojú ẹsẹ̀ ni yóò ní kí a tún un ṣe, kí ìtìjú tó ráyè jókòó sí mi lọ́kàn. Ní òru ọjọ́ kan tí ara ń ro mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí ronú sí ohun tí èmi ń ṣe nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ọ̀rọ̀ pè. Orúkọ ọmọ Ìdó-Àní náà ni ó sọ sí mi lọ́kàn. N kò sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Oṣù Kejì ọdún náà ni ìdíje Òlíńpíìkì ti ìgbà òtútù wáyé ní PyeongChang, ní Gúúsù Kòríà, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí Nàìjíríà kópa nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin ni wọ́n gbé wa débẹ̀. Ṣeun Adígún, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga ni ẹgbẹ́ bobsled, ọkọ̀ tí ènìyàn méjì ń tì sáré, tí wọ́n ń fò sínú rẹ̀, tí ó sì ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀ ojú ọ̀nà oníyìnyín. Sárésáré ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́lẹ̀. Adígún ti sá eré afògiléfòógi ọgọ́rùn-ún mítà fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì London ní ọdún 2012. Nígbà tí kò sí ọkọ̀, tí kò sì sí yìnyín níbi tí wọ́n wà ní Houston, pákó ni ó fi kan ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ títì. Ẹnì kẹrin ni Sìmídélé Adéagbo, tí ó ń fo ìfò ẹlẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ skeleton, eré tí ènìyàn ń da ojú bolẹ̀ lórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan, tí orí ń ṣíwájú, tí eré rẹ̀ sì ń ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni nígbà náà.

A pé jọ láti wò wọ́n. Ipò ogún nínú ogún ni Adéagbo gbà. Ipò ogún nínú ogún ni àwọn oníbobsled náà gbà. Ọmọ ilẹ̀ wa kan tí ó wà láàrin wa pòṣé, ó ní, "Wọ́n kàn lọ gba ìkẹyìn wá fún wa ni." Ìbá ṣe ní ọdún tí ó ṣáájú, èmi náà ìbá pòṣé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ bí ilẹ̀ náà ti ń yọ̀. Mo ní kí ó ronú sí i: kò sí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kankan tí ó ti gbé bobsled dé Òlíńpíìkì ṣáájú àwọn wọ̀nyí, kò sì sí obìnrin Áfíríkà kankan tí ó ti ṣe skeleton níbẹ̀ ṣáájú Adéagbo. Ẹni tí ó gba ipò ogún tí ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ kò rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tí kò wá. Àwa tí à ń ka máàkì fún ọmọlọ́mọ, nọ́ńbà nìkan ni a sábà máa ń kà. A kì í ka ibi tí ọmọ náà ti gbéra.

Nígbà tí ọjọ́ ìdíje tiwa pé, a lọ sí apá àríwá ìpínlẹ̀ náà níbi tí òjò dídì ṣì pọ̀ sí. Òtútù náà ti lọ sí ìwọ̀n mẹ́wàá sí ìsàlẹ̀ òdo. Mo sáré kúkúrú kúkúrú. Mo tú afẹ́fẹ́ táyà mi jáde kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi. Nígbà tí mo wọ síkì, àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù ti wà níwájú, igbó sì dákẹ́ rọ́rọ́ yí mi ká. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo fi gbogbo ara mi fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìda dì í mú, mo yọ̀ lọ. Mo fi ara mi fún ti òsì, mo tún yọ̀ lọ. Fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, mo ń lọ bí ẹni tí a bí sí ibẹ̀. Èmi ni mo dé gbẹ̀yìn. Olùkọ́ mi, tí ó ti dé tipẹ́, dúró síbi ìparí pẹ̀lú tíì gbígbóná. Ó kúnlẹ̀ bí mo ti kọ́ wọn ní kíláàsì, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Kò sí ohùn kan tí ó ṣì pè nínú rẹ̀.

Mo padà sílé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí mo wọ mọ́tò ní Ọ̀wọ̀, mo gba Ìpèlé kọjá lọ sí Ìdó-Àní. Mo wádìí títí mo fi rí ọmọkùnrin náà. Ó ti di ọkùnrin, ó ń tún alùpùpù ṣe lábẹ́ igi kan. Bí ó ti rí mi, ó fi sípánà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Mo sọ ohun tí ó gbé mi wá. Mo ní ohun tí mo ṣe sí i lọ́jọ́ náà kò dára, àti pé n kò wá láti bá a wí àwíjàre. Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo wá sọ ti òjò dídì fún un, ti síkì àti ti ìṣubú mọ́kànlélógún. Ó gbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin, sà? Ẹ̀yin ni ẹ ṣubú?" Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ní, "Èmi kò mọ̀ pé ẹ lè ṣubú. Ohun tí ó dùn mí jù lọ́jọ́ náà nìyẹn." N kò ní sọ pé ó dárí jì mí, nítorí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé kí a lọ kí ìyá àgbà òun.

Ìyá náà ti darúgbó púpọ̀. Ọmọ náà sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un ní Iyayu. Mo ní kí wọ́n kọ́ mi bí a ti ń kí àgbà ní èdè wọn. Ìyá sọ ọ́. Mo tún un sọ. Mo ṣì í. Ọmọ náà wò mí, ẹ̀rín sì fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá gbé ọwọ́ sókè, ó dá a lẹ́kun. Ó na ọwọ́ sí mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni mo tó sọ ọ́ tí ó fi mi orí pé ó dára.

Mo ṣì ń kọ òwe nì sára pátákó fún àwọn tí ń múra ìdánwò. Máàkì márùn-ún náà ni mo ṣì ń fún wọn. Ṣùgbọ́n kí n tó ní kí ẹnikẹ́ni dìde kàwé sókè, mo kọ́kọ́ ń sọ fún wọn bí olùkọ́ wọn ti ṣubú tó. Nígbà tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín mi tán, ọmọ tí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ pè kì í bẹ̀rù láti tún un pè.